Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Bọ́ọ̀sì Èkó àti Àwa Ìyá Ọlọ́mọ

Ohun tí a sábà máa ń bá ara wa sọ níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ aṣọ ọmọ, ọ̀rọ̀ ìṣọ́wóná àti ọ̀rọ̀ àárín tọkọtaya. Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ni mo gbé wá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bèèrè pé kí ló kan ìyàwó ilé nínú ipa ọ̀nà bọ́ọ̀sì, kí olúwarẹ̀ kọ́kọ́ ka iye owó tí ó fi wọ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, kí ó sì ka iye wákàtí tí ó fi dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lọ́wọ́. Owó tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ kọ̀ńdọ́ kò lè bọ́ sínú ìkòkò ọbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí tí ó ti ṣòfò ní ibùdókọ̀ kò lè padà di èyí tí a ó fi tọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ ilé ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ìlú Èkó ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé èrò pọ̀ níbẹ̀ púpọ̀púpọ̀, ìjọba ibẹ̀ sì ti náwó gọbọi sórí bọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ tàbí Òṣogbo, ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Ohun tí ojú ará Èkó ń rí lónìí lè di ti yín lọ́la, ọgbọ́n tí a ó sì jọ dá kò mọ ààlà ìlú.

ÌRÌN ỌKỌ KÒ JỌ ÌRÌN AYA

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo baálé ilé kan tí ń gbé Ìkòròdú, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní Marina. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wọ bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá dé, ó tún wọ bọ́ọ̀sì padà. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni, ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì ni. Bí bọ́ọ̀sì bá ti pọ̀ ní òwúrọ̀, tí ó sì pọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìṣòro rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bùṣe.

Ẹ wá wo ìyàwó rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbé ọmọ ọwọ́ dé ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Láti ibẹ̀, ó fẹ́ ya ọjà, nítorí pé ata ti tán nílé. Láti ọjà, ó fẹ́ dé ìsọ̀ rẹ̀, kí ó lè rí nǹkan díẹ̀ pa. Kí aago méjì ọ̀sán tó lù, ó gbọ́dọ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ láti mú èyí ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó kọrí sílé. Ìrìn kéékèèké márùn-ún nìyẹn: ó lè jẹ́ ọkọ̀ márùn-ún, owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀marùn-ún, àti ìdúró ẹ̀ẹ̀marùn-ún nínú oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni àkókò tí ó ń rìn, láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjì, kì í ṣe àkókò tí àwọn tí ń ṣètò bọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ rò. Èrò òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni ojú wọn máa ń wà lára.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí ẹ̀mí ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára bí ó ti wà nínú ètò ìlera orílẹ̀-èdè wa: ọjọ́ ìbí, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14, oṣù 9 àti oṣù 15. Abẹ́rẹ́ kò mọ̀ pé ọkọ̀ kò sí. Ìyá tí ó dúró títí ní ibùdókọ̀, tí oòrùn pa ọmọ rẹ̀, tí ó sì dé ilé ìwòsàn nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ti palẹ̀ mọ́, yóò ní òun ń padà bọ̀ lọ́la. Bí ọ̀la bá tún rí bákan náà, ọ̀la á di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ á sì di ìgbàgbé. Ní ọjọ́ tí èéyi bá wọ àdúgbò, ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ oṣù 9 ni ó wà nínú ewu jù lọ. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò ju ọ̀rọ̀ ìnira ara lọ, kí ó tún un rò.

Ìrìn obìnrin kò yàtọ̀ sí èyí ní òkè òkun pàápàá. Ní ìlú Vienna, olú-ìlú Austria, ní ọdún 1999, àwọn aláṣẹ ìlú bi tọkùnrin tobìnrin léèrè bí wọ́n ṣe ń rìn káàkiri. Ìdáhùn àwọn ọkùnrin kò gùn: wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń padà wálé. Ti àwọn obìnrin kò tán bọ̀rọ̀: ọmọ dé ilé ẹ̀kọ́, arúgbó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ọjà, ibi iṣẹ́, ilé. Ìlú náà tẹ́tí sí wọn. Wọ́n fẹ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n tan iná sí ibi tí ó ṣókùnkùn, wọ́n sì tún ibi àtẹ̀gùn ṣe kí ẹni tí ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ lè rí ọ̀nà gbà. Wọ́n bèèrè, àwọn obìnrin sì dáhùn. Bí a kò bá tíì bi àwa léèrè, ẹ jẹ́ kí a dáhùn kí wọ́n tó bèèrè.

IBI TÍ A TI BỌ̀

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ìjọba kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní ọdún 1958 ni Ìgbìmọ̀ Ìlú Èkó ra ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Zarpas, tí ó jẹ́ ti aládàáni, tí ó sì di bọ́ọ̀sì ìlú. Bí ìlú ti ń fẹ̀ sí i tí bọ́ọ̀sì ìlú kò tó nǹkan, mọ́lúè àti dánfó gba ojú títì. Ìjọba Alhaji Lateef Jakande, tí ó jẹ́ gómìnà láti 1979 sí 1983, dáwọ́ lé ètò ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé èrò láàárín ìlú, ṣùgbọ́n ìjọba ológun fagi lé e ní 1985. Ó di ọdún 2002 kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó dá LAMATA sílẹ̀, àjọ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣètò ìrìnnà nílùú. Ní oṣù kẹta ọdún 2008, bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ọ̀nà tirẹ̀ láti Mile 12 dé CMS, nǹkan bíi kìlómítà 22. Wọ́n nà án dé Ìkòròdú ní 2015, wọ́n sì ṣí ti Òṣòdì sí Abúlé Ẹ̀gbá ní 2020. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Èyí aláwọ̀ pupa, láti Agbádó sí Oyíngbò, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024.

Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo èyí, ẹni tí a bá sì ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó o lẹ́rù lọ ni. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ìka tọ gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí lórí àwòrán ìlú, ẹ ó rí i pé ojú òpópó ńláńlá ni wọ́n tọ̀, púpọ̀ nínú wọn sì dorí kọ Erékùṣù Èkó. Wọ́n dà bí odò ńlá. Ìṣàn kéékèèké tí ń ti àdúgbò wọnú odò náà ni ọ̀rọ̀ kù sí, nítorí ẹ̀yìn ilé wa, ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn wa àti ẹ̀gbẹ́ ọjà wa kì í sí ní ojú òpópó ńlá. Ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dí àlàfo yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ewu dín kù, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni ó kù fún ẹni tí kò rí ọkọ̀ míràn. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì yọ owó ìrànwọ́ lórí epo bẹtiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ fò sókè, gbogbo wa ni a sì mọ bí ó ti gbo ìkòkò wa mọ́lẹ̀.

OHUN MÁRÙN-ÚN TÍ Ó YẸ KÍ A BÉÈRÈ

Ẹkún lásán kì í tún ọ̀nà ṣe. Ẹni tí yóò bá aláṣẹ sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń fẹ́ ní pàtó. Mo ti kó ohun márùn-ún jọ fún yín.

Èkínní ni pé kí ọkọ̀ má ṣe jìnnà síra wọn ní ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín. Bí bọ́ọ̀sì bá ń kọjá lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú 30, ẹni tí ó bá dé ibùdókọ̀ láìmọ àkókò rẹ̀ yóò dúró fún ìṣẹ́jú 15, bí a bá da ọjọ́ rere pọ̀ mọ́ ọjọ́ burúkú. Bí ó bá ń kọjá ní ìṣẹ́jú 10 sí ìṣẹ́jú 10, ìdúró náà yóò di ìṣẹ́jú 5. Fún ẹni tí ó wọ ọkọ̀ kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 10. Fún ìyá tí ó wọ ọkọ̀ márùn-ún lójúmọ́, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 50. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan tí ìyá kan lè fi sinmi, tàbí kí ó fi tajà, tàbí kí ó fi kọ́ ọmọ rẹ̀ níwèé.

Èkejì ni pé kí a ní ọkọ̀ tí ń la àárín ìlú kọjá láti ìhà kan sí ìhà kejì, tí ó sì so ilé ìwòsàn, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ pọ̀. Ẹ rántí òwe àwọn àgbà pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹ wo aláboyún kan ní Agége tí wọ́n ní kí ó lọ rí oníṣègùn ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ LUTH ní Ìdí-Àràbà. Ó lè wọ ọkọ̀ kan dé Òṣòdì, kí ó wọ òmíràn dé Múṣin, kí ó sì tún wá èyí tí yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Bí bọ́ọ̀sì kan bá ń ti Agége gba Òṣòdì àti Múṣin dé Ìdí-Àràbà tààrà, ìgúnkè-gúnsọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta yóò di ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àdúgbò yín ni ẹ mọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ tí ó yẹ kí a so pọ̀.

Ẹ̀kẹta ni owó. Bí ó bá pọn dandan kí a sọ̀ nínú ọkọ̀ kan kí a tó wọ èkejì, kí owó tí a san lẹ́ẹ̀kan tó wa dé ibi tí a ń lọ. Káàdì Cowry tí a fi ń wọ bọ́ọ̀sì ìjọba lè mọ ìgbà tí a wọlé; nítorí náà ó ṣeé ṣe láti ní kí ẹni tí ó tún wọ ọkọ̀ kejì láàárín wákàtí kan ààbọ̀ má ṣe san owó tuntun, tàbí kí ó san díẹ̀. Ẹni tí ń rin ìrìn kéékèèké ni owó ọkọ̀ ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan máa ń pa lára jù, àwa obìnrin ni a sì pọ̀ nínú irú wọn.

Ẹ̀kẹrin ni pé kí ọ̀nà bọ́ọ̀sì gún. Bọ́ọ̀sì tí ń ya gbogbo kọ̀rọ̀ dára lójú ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n gbogbo èrò tí ó kù nínú ọkọ̀ ni ó ń fi àkókò wọn san gbèsè rẹ̀. Bí ó bá gún, yóò tètè dé. Bí ó bá tètè dé, yóò tètè padà. Ọkọ̀ iye kan náà yóò sì lè rìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ̀karùn-ún ni ibùdókọ̀ fúnra rẹ̀. Kí òrùlé wà níbẹ̀, kí ìjókòó wà fún aláboyún àti arúgbó, kí iná wà ní alẹ́, kí a sì kọ orúkọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ síbẹ̀ gàdàgbà. Obìnrin tí ń ti ọjà bọ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́ kò gbọdọ̀ dá dúró nínú òkùnkùn. Bí àtẹ̀gùn ọkọ̀ bá ga jù, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó pọn ọmọ, tí ó sì gbé ẹrù, kò lọ́wọ́ tí yóò fi di nǹkan mú.

OHUN TÍ A Ó YỌ̀ǸDA

Nísinsìnyí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ ti ń kùnà. A kì í rí nǹkan gbà lọ́wọ́ ìjọba kí ó má ṣe ti ibì kan wá. Bọ́ọ̀sì kò lè pé méjì kí ó di mẹ́rin nítorí pé a kọ lẹ́tà. Bí iye ọkọ̀ kò bá yí padà, tí a sì fẹ́ kí wọ́n máa kọjá lẹ́mọ́lẹ́mọ́ ní ọ̀nà kan, a gbọ́dọ̀ mú díẹ̀ kúrò ní ọ̀nà míràn, tàbí kí a da ọ̀nà méjì tí ó sún mọ́ra pọ̀ di ọ̀kan. Nígbà náà, ibùdókọ̀ yóò jìnnà sí àwọn kan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí gan-an, kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan nípa èyí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2015, wọ́n yí gbogbo ọ̀nà bọ́ọ̀sì ìlú náà padà ní òru ọjọ́ kan. Owó tí wọ́n fi ń wa ọkọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó púpọ̀ nínú bọ́ọ̀sì wọn lọ sí ọ̀nà tí ó gún, tí èrò pọ̀ sí, tí ó sì kọjá láàárín ara wọn bí àwọ̀n, kí ó lè jẹ́ pé ibi tí ọ̀nà méjì bá ti pàdé, ènìyàn lè sọ̀ kí ó wọ èkejì láìdúró pẹ́. Wọ́n wá ya ìwọ̀nba ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún ibi tí èrò kò pọ̀. Àwọn kan ní láti fi ẹsẹ̀ rìn sí i. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn ará ìlú, wọ́n sì gbọ́ tẹnu wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà yín, ẹ bi ara yín léèrè pé: ta ni yóò rìn? Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ẹsẹ̀ kò jẹ́ nǹkan fún ọ̀dọ́mọbìnrin tí ara rẹ̀ le. Fún aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí fún ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn, ìrìn àjò ni. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí a sọ gbangba nínú lẹ́tà wa pé a gbà kí ibùdókọ̀ jìnnà síra díẹ̀ ní ibòmíràn, bí wọ́n bá lè fi èyí tí ó wà nítòsí ilé ìwòsàn, ilé ìgbẹ̀bí àti ọjà sílẹ̀ ní ibi tí ó wà. Ẹni tí ó bá mú ohun tí yóò yọ̀ǹda lọ́wọ́ wá, aláṣẹ a máa fún un ní ìjókòó.

Ẹ má ṣe sọ àwọn onídánfó di ọ̀tá pẹ̀lú. Ọkọ ẹlòmíràn nínú yín ni wọ́n, ẹ̀gbọ́n ẹlòmíràn ni wọ́n. Ibi tí bọ́ọ̀sì ńlá kò lè wọ̀, ọkọ̀ kékeré ni yóò wọ̀ ọ́. Ohun tí a fẹ́ ni pé kí ọkọ̀ kékeré máa gbé wa dé ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì ńlá, kí ibi tí wọ́n ti ń pàdé wà létòlétò, kí ó sì jẹ́ ibi kan náà lójoojúmọ́.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

Ọ̀rọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni í gbé e lọ. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ ọkọ̀, ẹ kọ nǹkan mẹ́fà sínú rẹ̀: ọjọ́, ibi tí ẹ ń lọ, aago tí ẹ dé ibùdókọ̀, aago tí ẹ rí ọkọ̀ wọ̀, iye ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ kí ẹ tó dé, àti owó tí ẹ san. Bí ẹ bá ti dúró títí tí ẹ fi padà sílé, ẹ kọ ìyẹn náà. Kókó ńlá ni. Káàdì tí ń ka èrò lè sọ fún ìjọba iye ènìyàn tí ó wọ bọ́ọ̀sì. Kò lè sọ iye àwọn tí kò rí i wọ̀. Ìwé yín nìkan ni yóò jẹ́rìí sí ìyá tí ó dúró títí tí ó sì pọn ọmọ rẹ̀ padà sílé láìgba abẹ́rẹ́.

Ẹ má dá a ṣe. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, àìrìn pọ̀ ni í sì í jẹ ejò níyà. Ẹ wá obìnrin mẹ́wàá láàárín ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àṣàlátù, ẹgbẹ́ alájọ tàbí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín. Ìwé obìnrin mẹ́wàá fún ọ̀sẹ̀ méjì yóò ju ìrìn ọgọ́rùn-ún lọ, kò sì sí aláṣẹ tí yóò pe ìyẹn ní àhesọ. Ẹ jókòó ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, kí ẹ ro ó pọ̀: ọ̀nà wo ni ìdúró ti pọ̀ jù? Aago mélòó? Ibo ni a ti ń wọ ọkọ̀ mẹ́ta níbi tí ó yẹ kí ó jẹ́ ọ̀kan?

Lẹ́yìn náà ni ẹ ó kọ lẹ́tà. Ní Èkó, ẹ kọ ọ́ sí LAMATA, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí alága ìjọba ìbílẹ̀ yín, sí ẹni tí ń ṣojú yín ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀, àti sí alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò. Ní ìlú míràn, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó wà fún ìrìnnà ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ fún ara yín. Kí lẹ́tà náà má ṣe ju ojú ìwé kan lọ. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

“Sí Ọ̀gá Àgbà,

A kí yín kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ìyá mẹ́wàá tí ń gbé ní àdúgbò … dúpẹ́ fún bọ́ọ̀sì tí ń kọjá ní ọ̀nà … . Fún ọ̀sẹ̀ méjì, a kọ ìrìn wa sílẹ̀. Nínú ìrìn … tí a rìn láàárín aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, … ni a ti dúró ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Láti dé ilé ìwòsàn …, ọkọ̀ … ni a ń wọ̀.

A bẹ̀ yín kí ẹ bá wa so ọ̀nà … mọ́ ọ̀nà …, kí ọkọ̀ sì máa kọjá níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ọ̀sán. A mọ̀ pé ọkọ̀ kò pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ibùdókọ̀ … ni ẹ ó dà pọ̀ mọ́ … kí èyí lè ṣeé ṣe, a gbà láti rìn dé ibẹ̀. A ṣe tán láti wá ṣàlàyé ní ọjọ́ tí ẹ bá pè wá. Àkọsílẹ̀ wa wà nínú àpò ìwé yìí.”

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí èébú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí oṣù kan bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ èsì, kí ẹni méjì nínú yín lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀dà lẹ́tà, kí wọ́n béèrè orúkọ ẹni tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n lọ sílẹ̀.

BÍ WỌN KÒ BÁ GBỌ́ Ń KỌ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí, tí wọ́n ń sọ pé ìjọba kì í gbọ́ tẹni tí kò lówó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Àyípadà ọ̀nà bọ́ọ̀sì kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣètò bọ́ọ̀sì lè jẹ́ ẹni tí ó ní ọkọ̀ tirẹ̀, tí kò sì pọn ọmọ wọ bọ́ọ̀sì rí. Ẹni tí kò rí i kò lè mọ̀ ọ́n, bí kò ṣe pé ẹni tí ó rí i bá sọ fún un. Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ẹni dákẹ́.

Yàtọ̀ sí èyí, ìwé àkọsílẹ̀ náà yóò wúlò fún yín nílé kí ìjọba tó dáhùn rárá. Ẹ ó rí ọjọ́ àti wákàtí tí ọkọ̀ ń yá, ẹ ó sì lè bi ilé ìwòsàn léèrè bóyá ọjọ́ abẹ́rẹ́ mìíràn wà nínú ọ̀sẹ̀ tí ó bọ́ sí àkókò náà. Ẹ ó rí i bóyá ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ kan wà tí ó sún mọ́ yín ju èyí tí ẹ ń lọ, tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ kan náà. Ẹ̀yin aládùúgbò mẹ́ta lè dá owó jọ, kí ẹnìkan lọ ra ata àti tòmátì fún gbogbo yín ní ọjà Mile 12 lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹlòmíràn lọ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Owó ọkọ̀ mẹ́ta yóò di ọ̀kan. Ẹ sì fi ìwé náà han baálé yín ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí inú rẹ̀ bá dùn. Ọ̀pọ̀ ọkọ kò mọ̀ pé owó oúnjẹ tí ó ń tètè tán kì í ṣe ọbẹ̀ ni ó ń jẹ ẹ́. Bí ó bá rí i ní dúdú lórí funfun, òun náà lè fọwọ́ sí lẹ́tà yín, tàbí kí ó máa mú ọmọ àgbà dé ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí ó bá ń lọ síbi iṣẹ́.

Iṣẹ́ tí mo gbé lé yín lọ́wọ́ fún oṣù yìí kò pọ̀: ìwé kan, gègé kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀. Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí a rin ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, kí ó jẹ́ kí a máa lọ ní àlàáfíà, kí a sì máa bọ̀ ní ayọ̀, àwa àti àwọn ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.